Ẹ̀sùn Lórí Spinnerbait Mẹ́ta Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Òṣogbo

Òkè-Fìà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 12, Oṣù Kejì, 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ooru yìí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù tó kọjá ni mo ra spinnerbait mẹ́ta lọ́wọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìjẹ ìpẹja oníwáyà tí bíléèdì, irin pẹlẹbẹ, máa ń yí lára rẹ̀ bí a bá ń fà á nínú omi. ₦27,000 ni mo san fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún san ₦3,500 kí wọ́n tó gbé e dé Òṣogbo. Mo kọ ohun tí mo ń fẹ́ kedere sínú àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún àlàyé: kí bíléèdì méjèèjì tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní willow, aláwọ̀ fàdákà, nọ́ńbà 3 níwájú, nọ́ńbà 4 lẹ́yìn, kí ìwúwo rẹ̀ má ju gíráàmù 7 lọ, kí swivel, ìsopọ̀ kékeré tó so bíléèdì ẹ̀yìn mọ́ wáyà tó sì ń jẹ́ kó yí, jẹ́ èyí tó ní bíárìn nínú. Ẹ dá mi lóhùn pé ẹ ti rí i, pé kò sí ìṣòro.

Nígbà tí mo tú páálí, bíléèdì irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní Colorado, ẹyọ kan ṣoṣo, ni mo bá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aláwọ̀ wúrà ni, nọ́ńbà 5, ó fẹ̀ ju ojú àtàǹpàkò mi lọ. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara páálí sì ń sọ pé omi mímọ́ tí kò jìn ni wọ́n ṣe é fún. Ìwé yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí ju owó lọ.

Mo pè yín lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù kí mi dáadáa, n kò ní ẹjọ́ kankan bá ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, “Dádì, bíléèdì ni bíléèdì, gbogbo wọn náà ló ń yí.” Ó ní ṣebí Òṣogbo ni mo wà, kí n gbé e lọ sódò Ọ̀ṣun kí n dán an wò.

Ẹ jọ̀ọ́, bíléèdì kì í ṣe bíléèdì lásán. Colorado rí roboto, inú rẹ̀ kó bí inú ṣíbí ìgbọbẹ̀. Bí ẹ bá ń fà á nínú omi, á gba omi mú, á yí gbàràgàdà jìnnà sí wáyà, á sì máa lu omi gbì-gbì débi pé ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ní ìdí ọ̀pá. Ó dára púpọ̀ nínú omi rírú, ó dára lóru, nítorí ẹja tí kò lè ríran jìnnà máa ń fi ìlà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mọ ibi tí omi ti ń mì. Willow ní tirẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ṣóńṣó bí ewé igi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kì í lu omi tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń sáré yí mọ́ ara wáyà, tó ń kọ mànà bí ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn.

Nínú omi tó mọ́ gaara, ojú ni ẹja fi ń ṣọdẹ. Ó ti ń rí ìjẹ bọ̀ láti òkèèrè, ó sì ń ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pa ẹja bass ní Amẹ́ríkà fi ń mú willow kékeré lọ sírú omi bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fà á kíákíá kí ẹja má baà rí i wò fínnífínní. Aláwọ̀ fàdákà ni wọ́n ń lò bí oòrùn bá ràn, wọ́n á fi aláwọ̀ wúrà sílẹ̀ di ìgbà tí omi bá dàrú díẹ̀. Bíléèdì ńlá ń lé ẹja ibi tí omi kò jìn sá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Texas ló kọ́ mi ní gbogbo èyí nígbà tó wálé, òun náà ló fi ọ̀pá àti ríìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé bass kì í ṣe ẹja omi tiwa. Ṣùgbọ́n ẹja olórí ejò tó ń ba sábẹ́ koríko létí adágún Ẹ̀rìnlẹ̀ náà ń fi ojú ṣọdẹ, ibi tí omi kò jìn ló sì fẹ́ràn.

Ẹnì kan nínú yín lè sọ pé Colorado ń gbé ìjẹ sókè, pé kì í jẹ́ kó wọlẹ̀, pé ìyẹn wúlò níbi tí omi ò jìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé orí ọ̀pá sókè, tí a sì ń fa willow kíákíá, òun náà kò ní kan koríko, kò sì ní pariwo létí ẹja tó ti rí i tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé n kò tiẹ̀ dán an wò, ní Sátidé ọjọ́ 3 oṣù yìí, èmi àti ọmọ àbúrò mi gba Ẹdẹ lọ sí adágún Ẹ̀rìnlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo rà yẹn, tirẹ̀ ni. Omi mọ́ lọ́jọ́ náà débi pé, níbi tó dé orúnkún mi, mo ń ka òkúta tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ náà ju ìjẹ yín sí ẹ̀gbẹ́ koríko, ó ń fà á bọ̀. Ẹja kan yọ jáde lábẹ́ koríko, ó gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọmọ ìka. Ó tẹ̀ lé ìjẹ náà. Nígbà tó kù bí apá kan kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń mì. Bíléèdì ńlá yẹn ń lu omi lọ níwájú rẹ̀, ẹja náà sì ń wò ó. Lójijì ó fi ìrù gbá ilẹ̀, ẹrẹ̀ rú, kò sì sí mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni irú èyí ṣẹlẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Dádì, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n fà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó mọ̀ ọ́n fà. Mo tú ìjẹ yín, mo so willow àtijọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ mọ́ okùn rẹ̀, bíléèdì tí ara rẹ̀ ti ha, tí dídán rẹ̀ ti dín kù. Kò pé ìdajì wákàtí tí ẹja fi kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ já, ó gbé ìkejì wálé fún ìyá rẹ̀.

Ní ti odò Ọ̀ṣun tí ọmọbìnrin yẹn dárúkọ, mo fẹ́ kí ẹ bá a sọ ọ́. A kì í ju ìwọ̀ sómi ní Igbó Ọ̀ṣun. Ti Yèyé ni ẹja ibẹ̀, ọmọ Òṣogbo tó ti gbọ́njú mọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó di pé UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹ̀wẹ̀, omi náà ti pọ́n bí omi amọ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò. Ó ń bà mí nínú jẹ́ nígbàkígbà tí mo bá gba orí afárá kọjá. Omi tó mọ́ ni mo ra ìjẹ fún, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Swivel rẹ̀ náà kò dára. Mo gbé ọ̀kan dúró lójú fèrèsé, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí bíléèdì rẹ̀, kò mira. Ti ẹ̀gbọ́n mi yí bí mo ṣe fẹ́ ẹ báyìí. Mo fi áńkáṣííìfù funfun nu ọrùn swivel tiyín, ìpẹtà pupa sì yí i, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fi èyí yẹn kan omi rárá. Swivel tí kò ní bíárìn tó sì ti ń dípẹtà kò ní jẹ́ kí bíléèdì yí bí a bá ń fà á jẹ́jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí mo bèèrè fún gan-an ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láìgba owó ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ mi. Bí ẹ kò bá ní willow, ẹ dá ₦30,500 mi padà. Kí ẹ sì yọ ìwé yẹn kúrò lára páálí Colorado yín, tàbí kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi rírú ló wà fún. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹja pípa, tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n tó máa là á yé e, ìwé yẹn ló máa gbà gbọ́. Bí ẹja bá ń sá fún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi.

Mo ti dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú páálí wọn. Ẹni tí ẹ bá rán lè bá mi nílé lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà fóònù mi wà lórí rìsíìtì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Òkè-Fìà.