Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì láti Nijmegen, ní Netherlands

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Aago mẹ́ta òru ti kọjá níbí, oorun kò sì kùn mí, ni mo bá ní kí n kọ̀wé sí ọ dípò kí n máa yí kiri lórí ibùsùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ka ABD, inú mi sì dùn gidigidi. Àbúrò mi ti bí ọkùnrin. Ẹsẹ̀ màmá mi ti ń fúyẹ́. Ìyókù di ìgbà tí mo bá pè ọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni kírísítálì bismuth ferrite tí mo sọ fún ọ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. O mọ̀ ọ́n: ọ̀kan nínú àwọn multiferroic ni, tí ètò iná àti ètò òòfà jọ ń gbé inú rẹ̀, tí o kò lè fọwọ́ kan ọ̀kan kí èkejì má mọ̀ ọ́n lára. Irú rẹ̀ mìíràn, TbMnO3 tí a jọ kà nípa rẹ̀ ní Ifẹ̀, gbọ́dọ̀ tutù dé nǹkan bí 28 kelvin, òtútù tó ju ti yìnyín lọ fíìfíì, kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bismuth ferrite ń ṣe é lórí tábìlì, nínú ooru yàrá lásán. Àwọn òòfà kéékèèké inú átọ̀mù irin rẹ̀ ń kọ ẹ̀yìn sí aládùúgbò wọn, síbẹ̀ ìtò náà tún ń yí díẹ̀díẹ̀ bí àgbá tó ń yí lórí ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí 62 nanometer ni ó tó padà sí bí ó ṣe wà. Nígbà tí ìtò yìí bá ń mì, ìmì rẹ̀ bá ti ìmọ́lẹ̀ terahertz mu, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 0.3 mìlímítà. Èyí tí kírísítálì bá gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni ó ń sọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ fún wa.

Ìwọ ì bá rí ẹ̀rọ òòfà ibí yìí! Awo bàbà tí wọ́n tò léra wọn ni. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, iná tó ń jẹ tó nǹkan bí 20 megawatt, omi tútù sì ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá kí ooru má baà bà á jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn sábà máa ń lo agbára òòfà 1.5 tesla, èmi dé 30. Bí mo ṣe ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè ni mo rántí àtùpà tí èmi àti ìwọ fi kàwé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò yẹn, omi sì lé sí ojú mi.

Ní ọdún 2013 ni àwọn kan ti gbé bismuth ferrite dé 31 tesla, wọ́n sì rí i pé bí pápá òòfà bá dé 18.8 tesla ní ìhà kan pàtó, yíyí yẹn á tú, ìlà tuntun kan tó lágbára á sì jáde nínú ìmọ́lẹ̀ tí kírísítálì ń gbé mì, tí yóò máa gòkè tààrà bí pápá ṣe ń pọ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ojú ara mi rí i bí ó ṣe tú. Mo pariwo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ìmọ́lẹ̀ tó gba iwájú wọlé àti èyí tó gba ẹ̀yìn wọlé yẹ kí wọ́n rí bíi Táyé àti Kẹ́hìndé lójú àlejò. Nínú kírísítálì yìí, wọ́n lè yàtọ̀: ó lè gbé ọ̀kan mì, kí ó sì jẹ́ kí èkejì kọjá. Láti dán an wò, dípò kí a yí ìmọ́lẹ̀ padà, pápá òòfà ni a máa ń yí sí òdìkejì. Mo yí i, mo sì rí ìyàtọ̀ ní 12 tesla, kedere.

Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni yíyí yẹn lè tò sí nínú kírísítálì kan náà, pápá alágbára sì lè lé e kúrò lójú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Èmi sì ti kọ́kọ́ gbé pápá lọ sí iwájú títí dé 30 tesla kí n tó yí i sí ẹ̀yìn, n kò sì wọn nǹkan kan nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, nítorí pé wákàtí mi ń tán lọ. Kírísítálì tí mo wọ̀n ní iwájú kò tí ì rí nǹkan kan. Èyí tí mo wọ̀n ní ẹ̀yìn ti la 30 tesla kọjá. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀ ni, àbí kírísítálì náà ni kì í ṣe ti àárọ̀ mọ́? Ó yẹ kí n ti gbé pápá lọ, kí n sì gbé e bọ̀, kí n tó wọn ohunkóhun. Ìkánjú ni, ó sì ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún mi lórí ẹ̀rọ náà ti parí, oṣù púpọ̀ ni yóò sì kọjá kí n tó tún rí àyè. Ọ̀gá mi ti rí àwòrán ìyàtọ̀ tí mo wọ̀n náà, inú rẹ̀ dùn, ó sì ní kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ Ẹtì.

Nínú gbogbo kíláàsì wa, ìwọ ni ìṣirò symmetry yé jù, ìyẹn ìṣirò ohun tí kì í yàtọ̀ bí a bá yí kírísítálì po. Mo fi ewé méjì há lẹ́tà yìí. Ewé kìíní ni mo ya kírísítálì sí, pẹ̀lú ìhà tí pápá kọjú sí àti ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Jọ̀wọ́, bá mi ṣírò ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo nínú wọn ni symmetry gbà láyè kí ìmọ́lẹ̀ iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn? Bí kò bá gba ìkankan láyè, a jẹ́ pé kírísítálì ló yí padà, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìṣirò tèmi ló wà ní ewé kejì. Jọ̀wọ́ má ṣí i títí ìwọ yóò fi parí tìrẹ, kí àṣìṣe mi, bí ó bá wà, má baà ràn ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí o jókòó. Bí ó bá di Ọjọ́bọ̀ tí o kò rí àyè, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, n kò ní bínú rárá.

Bá mi pọn Kẹ́hìndé díẹ̀, kí o sì sọ fún Táyé pé mo ti rí bàtà tó ní kí n rà.

Èmi ni Àdùkẹ́ rẹ.