Ta Ló Ń Sanwó Iná Ibẹ̀?

Àjọkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé rẹ, inú mi sì dùn pé èmi lo kọ́kọ́ bi. O ní kí n kọ àwọn ìkànnì tó wúlò fún ìwádìí, ọjà rírà àti ìgbafẹ́ ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò ní kó wọn jọ bí ẹrù fún ọ. Àwọn tí mo ń lò fúnra mi ni màá kọ, màá sì fi ìbéèrè kan tì í, ìbéèrè tó ná mi lówó kí n tó mọ̀ ọ́n: níbikíbi tó o bá wọ̀ lórí ayélujára, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé, ta ló ń sanwó iná ibí yìí? Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, wàá ti mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa bá ọ sọ.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ fi Wikipedia ṣe ẹ̀rí nínú iṣẹ́ àṣekágbá yín. Wọn ò purọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kó o má yà síbẹ̀. Ó ti wà láti 2001, owó ọrẹ ló ń gbé e ró báyìí, kò sí ìpolówó ọjà lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa mú níbẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà lẹ́yìn gbólóhùn. Tẹ nọ́ńbà náà, kó o lọ ka ohun tí wọ́n tọ́ka sí.

Lóṣù tó kọjá, mo ń ka ìtàn maṣíìnì ìránṣọ. Gbólóhùn kan wù mí, mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, kò ṣí. Ojú ewé náà ti kú. Mo da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ sínú Wayback Machine. Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996, ló ni ín, wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dà ojú ewé ayélujára pa mọ́ síbẹ̀. Mo mú ẹ̀dà tó pẹ́ jù, ó sì ṣí. “Ó ṣeé ṣe” ni ẹni tó kọ ọ́ sọ. Ẹni tó gbé e lọ sí Wikipedia ló sọ ọ́ di “ó dájú.” Àjọkẹ́, mo jókòó, mo wo ọ̀rọ̀ méjì yẹn pẹ́. Ká ní mo ti fi ṣe ẹ̀rí ńkọ́?

Fún iṣẹ́ rẹ gan-an, Google Scholar, níbi tí wọ́n ti ń wá ìwé àwọn onímọ̀, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, wàá rí “Cited by.” Tẹ̀ ẹ́, á fi àwọn tó ti lo ìwé náà lẹ́yìn tó jáde hàn ọ́, ìwé àtijọ́ kan á sì mú ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tuntun. PubMed ni ti ọ̀rọ̀ ìlera. arXiv, tó ti wà láti 1991, ni ti físíìsì àti ìṣirò, ṣùgbọ́n rántí pé ìwé lè wọ ibẹ̀ kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Bó o bá ti rí ìwé tó o fẹ́ gbára lé, wá orúkọ rẹ̀ lórí Retraction Watch, kó o mọ̀ bóyá wọ́n ti fa ìwé náà sẹ́yìn, pé kò ṣeé gbára lé mọ́.

Wàá bá ìwé kan pàdé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, tí wọ́n ní kó o sanwó kó o tó kà á. Má tíì sanwó. Tẹ “All versions” lábẹ́ rẹ̀ ní Google Scholar, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ lè wà níbòmíràn. Bí kò bá sí, kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ìwé náà. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà yẹn kì í sábà dé ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì lè dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ọjà. Èmi ìyá rẹ ti kó sọ́wọ́ gbájúẹ̀ rí. Mo ń wá ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ mi lórí Google, mo tẹ èyí tó wà lókè pátápátá, mi ò ka “Sponsored” tí wọ́n kọ wínníwínní sórí rẹ̀, ìyẹn ni pé ìpolówó tí ẹnì kan sanwó fún ni. Àgádágodo kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, mo ní ọkàn mi balẹ̀. Mo sanwó, mi ò rí ẹsẹ̀ maṣíìnì, mi ò sì rí owó. Ohun tí àgádágodo yẹn ń sọ kò ju pé kò sí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìkànnì náà lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fún ẹnikẹ́ni tó ní ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí àgádágodo náà, olè náà sì lè gbà á. Chrome fúnra rẹ̀ yọ àmì náà kúrò ní 2023.

Àdírẹ́sì ni kó o máa kà. Wá ìlà dídagun (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn “https://”, kó o wá kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Bó o bá rí amazon.com.example.net, kì í ṣe Amazon ló ni ín, example.net ni. Bí ojú rẹ bá ṣì ń ṣe kámikàmì, gbé orúkọ náà lọ sí lookup.icann.org, á sọ ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ní òun ti ń tajà bọ̀ fún ogún ọdún, tí orúkọ ìkànnì rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan, jọ̀ọ́, sá fún un. Tó bá jẹ́ ọjà àlòkù lórí eBay, iye tí wọ́n ti tà á gan-an ni kó o wò, lábẹ́ “Sold items.” Iye tí ọlọ́jà ń pè lásán kò ní kí ẹnì kan rà á.

Ti ìgbafẹ́ ló ń mú mi rẹ́rìn-ín. Àfòpiná kan bà sára ògiri lóru ọjọ́ kan, ìyẹ́ rẹ̀ dà bí èèpo igi. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn mọ orúkọ ẹranko àti ewéko. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008, bíi tìrẹ yìí náà. Ẹ̀rọ dábàá orúkọ kan fún mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ ọ́ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí n wo ìlà funfun tó wà létí ìyẹ́ rẹ̀. Mo fẹ fọ́tò náà lójú. Ìlà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín bí òwú.

Lichess ni mo fẹ́ kó o bá mi dé báyìí, fún ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ó ti wà láti 2010, ọrẹ ló ń sanwó iná tibẹ̀ náà, kò sí ìpolówó. Mo ti ṣí àkáǹtì tèmi. Lálẹ́ Sátidé, màá fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ lo máa ta ọmọ funfun. Kí ọjọ́ náà tó pé, kọ àkọlé iṣẹ́ rẹ sí mi, kí n lè bá ọ wá nǹkan sí i.

Èmi ni,
Màmá rẹ