Ẹ Gbọ́ Bí Àwọn Ọmọ Ṣe Ń Kàwé Kí Ẹ Tó Yin Ilé Ẹ̀kọ́ Wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀nà tí a ń gbà mọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dára ní ìpínlẹ̀ wa ló mú mi kọ̀wé sí yín. Bí àwọn alábẹ̀wò bá dé, wọn a ka iye yàrá ìkàwé, wọn a wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn a yẹ rẹ́jísítà àti ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ wò, wọn a buwọ́ lùwé, wọn a sì máa lọ. Gbogbo ìyẹn ló yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí èyí tó pe ọmọ kan jókòó, tó sì ní kó kàwé sétígbọ̀ọ́ òun.

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ládùúgbò wa gbà mí láàyè láti jókòó ti àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan ṣí ìwé Yorùbá rẹ̀, ó sì ka odindi ojú ìwé kan láìkọsẹ̀. Mo wá fi ọwọ́ bo ìlà méjì àkọ́kọ́, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹta, kò lè kà á. Mo tọ́ka sí “ọjà”, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè tán, ẹnu mi ló ń wò. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí ni. Ọmọ tó lè há odindi ojú ìwé sórí kì í ṣe olódo; ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kíláàsì náà ju ọgọ́ta ọmọ lọ, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ 35 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ wí, nítorí náà olùkọ́ a kà, gbogbo wọn a gbè é, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ẹni tó ń kà yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń gbè. Mo yẹ ìwé iṣẹ́ ọmọ náà wò pẹ̀lú. Ohun tó dà kọ lójú pátákó ló kún inú rẹ̀, lẹ́tà mìíràn fò, òmíràn dorí kodò, báírò pupa sì ti máàkì gbogbo rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ ní ó yege.

Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, iye ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ni a fi ń yangàn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí ẹsẹ̀ gbé wọ kíláàsì rárá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ UNICEF, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lágbàáyé, ti sọ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, inú kíláàsì ni wọ́n wà.

Àwọn òbí tó rówó san ń kó ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, Gẹ̀ẹ́sì tó ń dá ṣáṣá lẹ́nu ọmọ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé owó àwọn kò ṣòfò. Èyí dùn mí, nítorí ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ èdè tó yẹ kí á fi kọ́ ọmọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó dáńgájíá sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọn kò fi ojú lásán wò ó. Ìdánwò ni wọ́n fi gbé wọn wò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin, àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló sì ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò gba owó púpọ̀. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ kíláàsì náà ṣẹ́ gègé mú ọmọ mẹ́wàá ní kíláàsì kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyọkà kúkúrú tí wọn kò rí rí, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n ṣírò ṣéńjì tó yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá aláta. Kí wọ́n lẹ èsì náà mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láìdárúkọ ọmọ kankan, kí á sì máa fi wé ti sáà tó ṣáájú ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Kí wọ́n má ṣe fi na olùkọ́ lẹ́gba, nítorí kò sí ọgbọ́n tí ẹnì kan fẹ́ dá sí ọgọ́ta ọmọ, tí òmíràn nínú wọn kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.

Mo bẹ̀ yín kí àwọn akọ̀ròyìn yín bá wa bi àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí bóyá àyè wà nínú fọ́ọ̀mù àwọn alábẹ̀wò wọn tí wọ́n ń kọ bí ọmọ ṣe ń kàwé sí, àti, bí ó bá wà, ìgbà tí àwa òbí máa rí èsì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Ìbàdàn