Ẹ̀sùn Lórí Bí Àwọn Òṣìṣẹ́ Yín Ṣe Ń Dá Ẹranko Lóró Nítorí Owó

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Alábòójútó Ọgbà Ẹranko,
Abẹ́òkúta.

Ọ̀gá wa,

Kìnnìún yín ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé yìí. Mo ní ọ̀rọ̀ owó láti bá yín sọ, mo sì máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ dá gbogbo owó wa padà lónìí, ọ̀rọ̀ kìnnìún yẹn kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ kejì ọdún Iléyá la wá sọ́dọ̀ yín: èmi, ọkọ mi, ìyá mi, àwọn ọmọ wa, àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wá ṣọdún láti Èkó. Àwọn ọmọ Èkó wọ̀nyí ti gun Olúmọ rí. Kìnnìún ni wọ́n ń bèèrè látìgbà tí wọ́n ti dé.

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tá a dé ìdí ilé kìnnìún. Ẹran náà dùbúlẹ̀ síbi tí ògiri ṣíji bò, ó ń sùn. Ìyẹn ò burú. Kìnnìún máa ń sùn tàbí kó sinmi fún wákàtí 16 sí 20 lójúmọ́, ìgbà tílẹ̀ bá tutù ló máa ń ṣọdẹ, nítorí náà ẹni tó bá wá wò ó lọ́sàn-án, orí oorun ló máa bá a. Mo ti sọ fáwọn ọmọ láti ilé, wọ́n sì gbà. Wọ́n rọra dúró, wọ́n ń wo bí ikùn ẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó má bàa jí i.

Ibẹ̀ la wà tí òṣìṣẹ́ yín kan fi dé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ yín. Ó ní ká wá nǹkan fóun, òun á jẹ́ kó dìde fún wa, kó bú ramúramù. Ọkọ mi ní rárá, bó ṣe wà yẹn tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn kan tó wà lẹ́yìn wa ló nawọ́ owó sí i. Ó mú ọ̀pá irin kan tó fara ti ògiri, ó tì í gba àárín irin ilé náà wọlé, ó sì fi gún kìnnìún náà níhà. Kò dìde. Ó tún gún un. Ìgbà tó wá gún un nídìí ìrù ló fò sókè, ó bú, àwọn ọmọ wa figbe ta, àwọn tó sanwó ń pàtẹ́wọ́, kálukú sì na fóònù sókè.

Nígbà tó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa ni mo rí ojú àpá kan níhà ẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Irun ti re kúrò níbẹ̀ pátápátá, awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó ń dán. Ìyẹn kì í ṣe àpá ọjọ́ kan. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń gún láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pá irin náà sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní gbangba, tí kò sẹ́ni tó fi pa mọ́. Ohun tí ìyẹn fi yé mi ni pé ọ̀gá wọn kan mọ̀, tàbí pé kò sí ọ̀gá tó ń débẹ̀ rárá.

Ìyá mi ni kò lè pa á mọ́ra. Ó pariwo mọ́ ọn pé, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, fi gún ara ẹ wò ná!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ọdún la wà o," ó sì kọjú sáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin wà lórí èyí. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá fìkà lu ẹranko, tó dá a lóró, tó mú inú bí i tàbí tó dẹ́rù bà á, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50 ló tọ́ sí i. Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn nìkan ni òfin náà ń dáàbò bò, ẹran tá a tì mọ́lé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sì ro ti òṣìṣẹ́ yín fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ẹran là ń sọ yìí o. Kí lẹ wá rò pé èyí tí wọ́n ń fi irin gún lójoojúmọ́ ń rò lọ́kàn, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn?

Ohun tó tún dùn mí ni pé àwọn ẹran wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́. Nínú igbó ilẹ̀ Nàìjíríà, Yankari ní Bauchi àti Kainji nìkan ni kìnnìún kù sí, wọn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Mélòó nínú ọmọ Abẹ́òkúta ló máa dé Yankari? Ọ̀dọ̀ yín ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti máa kọ́kọ́ rí kìnnìún, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n máa rí i mọ.

Nídìí ọ̀nì, irọ́ ni wọ́n fi gbowó. Ọ̀nì ńlá kan sùn sẹ́bàá omi, ó la ẹnu sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ mìíràn sọ fáwọn ọmọ pé ebi ló ń pa á, pé kí kálukú dá owó ẹran. Ọmọbìnrin mi yọ ₦500 tí bàbá àgbà ẹ̀ fún un fọ́dún, ó fún un. A dúró, dúró, a ò rí ẹran kankan. Nígbà tá a délé, àbúrò mi tó jẹ́ dókítà ẹranko ló ṣàlàyé pé ooru ló ń mú ọ̀nì tó bá la ẹnu báyẹn, pé ẹnu ló ń gbà lé ooru jáde kúrò lára, àti pé ọ̀nì tó ti dàgbà lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹun kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ wò ó, mo mú ọmọ wá síbi tó yẹ kó ti kọ́ nípa ẹranko, irọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì gba owó irọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọ̀bọ ń mu mínírà, wọ́n ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ sí wọn. Àìsàn ara wa máa ń ran ẹ̀yà ẹran wọ̀nyí. Ọ̀fìnkìn tí kò ju ká sín lọ lára wa lè pa ìnàkí. Lọ́dọ̀ ògòǹgò, mo rí i tó mú ọ̀rá píọ́ wọ́tà nílẹ̀, ó sọ ọ́ sókè díẹ̀, ó gbé e mì, a sì ń wo ọ̀rá náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn ẹ̀ gígùn. Ògòǹgò kò léyín. Òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń gbé mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ bíi ti adìẹ, nítorí náà ohunkóhun tó bá rí nílẹ̀ ló lè gbé mì. Ọ̀rá kò ní lọ̀. Mo pe òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí, ó ní ó ti mọ́ ọn lára.

Mi ò ní pa rere mọ́. Ọmọbìnrin kan wà nídìí erè, òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Awọ tí erè bọ́ sílẹ̀ ló mú dání, ó jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ pa á, ó ṣàlàyé pé erè kò ní oró, pé wíwé ló máa ń wé mọ́ ohun tó bá fẹ́ jẹ. Ìyá mi tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ejò sétí di awọ náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú ìpẹ́ ẹ̀ wò. Ọmọbìnrin náà kò bèèrè kọ́bọ̀. Ẹ wá a rí, kí ẹ jẹ́ kó máa kọ́ àwọn yòókù níṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Pátákó ẹnu ọ̀nà yín sọ pé ₦2,000 ni fún àgbà, ₦1,000 fún ọmọdé. ₦3,000 àti ₦1,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n ní torí ọdún ni, bẹ́ẹ̀ iye ara pátákó ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún wa. Àgbà mẹ́ta, ọmọ márùn-ún: ₦5,500 ni wọ́n gbà lé e. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Bí mo bá lẹ iye mọ́ aṣọ lára, tí mo wá ní kí oníbàárà san jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé ọdún dé, olè ló máa pè mí. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ. Ilé ìtura yín kò sì lómi, omi rírà la fi ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Kí dókítà ẹranko wo ìhà kìnnìún yẹn, kó sì wo ògòǹgò tó gbé ọ̀rá mì. Kí ẹ kó ọ̀pá irin náà kúrò nílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tó bá tún gún ẹran fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síta gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún ẹran lóúnjẹ tàbí sanwó fún òṣìṣẹ́ nídìí ẹran, kí ẹ sì fi ẹni tó máa mójú tó o síbẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ ọdún. Ẹ dá ₦5,500 wa padà. Ní ti ₦500 ọmọ mi, òun ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nì fún un.

Mo fi àwòrán ojú àpá kìnnìún náà, ti pátákó àti ti tíkẹ́ẹ̀tì wa ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí mi ò bá gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màá kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, màá sì mú ọ̀rọ̀ kìnnìún náà tọ àwọn ọlọ́pàá lọ.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín láti Ìtòkú.