Kí wọ́n tó po kọ̀ǹkéré

Oǹdó.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti ní kí o máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀nà ìṣèwádìí ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. O kú oríire. Ó ní o ti ń kọ nóòtì tí wọn yóò máa dà kọ, ìyẹn ló mú mi kọ̀wé.

Má pe nóòtì fún wọn. Láti digirí àkọ́kọ́ ni wọ́n ti há ìtumọ̀ ìwádìí sórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì ṣe ni kí wọ́n jókòó bi ara wọn pé: kí ni mo fẹ́ mọ̀, kí sì ni màá rí tí màá fi gbà pé ohun tí mo rò kò rí bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo wà ní lábù, mo rí irú wọn dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni kan á gbé kúùbù mẹ́ta dé, ìyẹn kọ̀ǹkéré tí wọ́n dà bíi búlọ́ọ̀kù kékeré fún àyẹ̀wò, ó ti fi eérú èèpo kòkó dípò díẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì. (Eérú yìí kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú kí ẹnikẹ́ni tó gboyè lórí rẹ̀.) A ó rẹ ẹ́ sómi, ọjọ́ 28 á pé, a ó fọ́ ọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀kan á le gan-an, ọ̀kan á rọ̀, ọ̀kan á wà láàárín. Ó di kó ṣe ìpíndọ́gba, kó kọ ọ́ pé eérú mú kọ̀ǹkéré lágbára. Bi í bóyá ọjọ́ kan náà ló po èyí tí kò léérú tó fi wé e. Rárá o, oṣù tó kọjá ni, àpò sìmẹ́ǹtì mìíràn sì ni. Ta ló wá mọ̀ bóyá eérú ló ṣe é ni àbí àpò sìmẹ́ǹtì?

Torí náà, lábù ni kí o kó wọn lọ lọ́sẹ̀ kìíní. Kí wọ́n po kọ̀ǹkéré kan ṣoṣo, kí wọ́n dà á sí kúùbù mẹ́wàá, kí wọ́n sì fúnra wọn fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò dọ́gba, ni kí o tó dárúkọ ìṣirò. Sọ ti William Gosset fún wọn, onímọ̀ kẹ́místìrì ní ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin, tí àyẹ̀wò tó lè ṣe kò tó nǹkan. Ní 1908 ló gbé ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ jáde, orúkọ Student ló sì fi bojú. Òun ni t-test, ìṣirò tí a fi ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ tí a rí ju èèṣì lọ, tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn ṣe láìbéèrè. Kí wọ́n sì máa ṣẹ́ kèké lórí èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ po, kí ọjọ́ tàbí àpò sìmẹ́ǹtì má baà ṣe ojúsàájú fún ọ̀kan. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ló fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní oko ìwádìí Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan nínú kíláàsì yẹn á jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Kúnlẹ̀ kí wọn níta, máa pè wọ́n ní ẹ̀yin, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà wọn bá mọ́ jù, ní kí wọ́n gbé ìwé lábù wọn wá. Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù.

Ìwé lábù tèmi ṣì wà nínú àpótí. Tí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, wá mú un.

Èmi ni bàbá rẹ.