Ẹ Má Kọ "Kò Níṣẹ́" Síwájú Orúkọ Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ètò ìkànìyàn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iye ará ìlú, iye ilé àti iye ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jẹ yọ: ẹni tó ń gbé ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ dìde láàárọ̀, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń fún un lóògùn, tí kò sì sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún un. "Kò níṣẹ́" ni wọ́n sábà máa ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń sọnù nínú fọ́ọ̀mù kò ṣòro rí, torí náà mo fẹ́ tọ́ka sí ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń pa á rẹ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni bóyá èèyàn ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kéré tán fún wákàtí kan. Ẹni tó tajà fún wákàtí kan péré níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fi ọgọ́ta wákàtí gbé aláìsàn sókè sódò kò níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 2013, ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò nípa iṣẹ́ ti fẹnu kò pé iṣẹ́ ni ìtọ́jú tí èèyàn ń ṣe fún ará ilé rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mówó wọlé. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ nípàdé kò tíì dé orí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù.

Àwọn kan á ní ìbéèrè nípa àìpé ara ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò bò ó. Ìbéèrè mẹ́fà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ń béèrè nípa ojú, etí, ẹsẹ̀, iyè, ọ̀rọ̀ sísọ, àti bóyá èèyàn lè wẹ̀ kó sì wọṣọ fúnra rẹ̀. Bí aláìsàn bá dáhùn sí ti ìgbẹ̀yìn yẹn pé òun ò lè ṣe é rárá, òṣìṣẹ́ ìkànìyàn á fa ìlà sí i, á sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Ta ló wá ń wẹ̀ fún un? Fọ́ọ̀mù ò béèrè.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ìtọ́jú fi gbọ́dọ̀ dá dúró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales fi í sínú ìkànìyàn wọn lọ́dún 2001, Ireland lọ́dún 2002, Ọsirélíà lọ́dún 2006. Kánádà béèrè iye wákàtí tí èèyàn ń fi tọ́jú àgbàlagbà láìgbowó lọ́dún 1996, 2001 àti 2006, àmọ́ nígbà tó di 2011, wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ ò rí i pé fífi ìbéèrè sí i nìkan kò tó, ó ní láti lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Bí wọ́n bá sì ti béèrè, ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ló kù. Ní Ireland, èèyàn 195,263 ló sọ lọ́dún 2016 pé àwọn ń tọ́jú ẹnì kan. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà kọ, iye náà sì di 299,128 lọ́dún 2022. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ìsàlẹ̀ ló lọ: nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.8 lọ́dún 2011, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lọ́dún 2021. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ ìbéèrè padà, wọ́n yí ìpín wákàtí tí èèyàn máa fa ìlà sí lórí fọ́ọ̀mù padà, àsìkò àrùn kòrónà ni wọ́n sì kànìyàn. Ọ́fíìsì ìṣirò ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí èèyàn ṣọ́ra kó tó fi iye méjèèjì wé ara. Ní tèmi o, mi ò gbà pé aláìsàn dín kù tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni "olùtọ́jú". Ẹ bi ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ bóyá olùtọ́jú ni, á ní rárá, bàbá òun ni. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni kí wọ́n béèrè, kì í ṣe orúkọ oyè. Mo dábàá pé kó lọ báyìí: "Ǹjẹ́ ẹ ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tàbí ẹ ń mójú tó o, láìgbowó iṣẹ́, nítorí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, àìpé ara, àìlera ọpọlọ tàbí ara tó di ti arúgbó?" Kí wọ́n wá fi èyí tẹ̀ lé e: "Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀?"

Ìbéèrè kejì yìí gan-an ni ibi tí ẹni tó ti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tún ti máa ń ṣi ara rẹ̀ kà. Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó ń tọ́jú ẹni tí kò lè dìde. Ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ láàárọ̀ gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Bí wọ́n bá bi í, ìyẹn ló máa kọ́kọ́ rántí, torí òun ló ń fẹ́ agbára: ìgbà méje lọ́sẹ̀, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45. Lórí fọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2021, ìpín tó kéré jù lọ ló bọ́ sí yẹn, "wákàtí 9 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀".

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan, torí bí wọ́n bá kán aláìsàn lójú, oúnjẹ á ṣì í lọ́fun: wákàtí 2. Oògùn ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá: ìṣẹ́jú 30. Lóru, wọ́n ní láti yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà yọ sí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìlédìí pípààrọ̀: wákàtí kan. Pẹ̀lú ìwẹ̀, ó di wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́, ìyẹn 33 àti ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí 3. Ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ìjókòó-dúró-de-dókítà, wákàtí 4. Gbogbo rẹ̀ di 40 àti ìṣẹ́jú 15. Láti ìpín kìíní, ó fò dé ìkẹrin. Bó bá gbàgbé òru nìkan, wákàtí 7 lọ, ó sì já wálẹ̀ sí ìkẹta.

Mi ò tíì mẹ́nu kan ṣíṣọ́ rárá. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe lè ṣílẹ̀kùn jáde láago méjì òru. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè máà fọwọ́ kan nǹkan kan, síbẹ̀ kò lè sùn, kò lè jáde. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé: bí ẹ ò bá lè kúrò nílé nítorí rẹ̀, ẹ kà á mọ́ ọn.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké tún wà. Ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún ìtọ́jú máa ń rò pé wọ́n ti sanwó fún òun, á sì dáhùn "rárá". Owó ìrànwọ́ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ìlànà ìkànìyàn Ọsirélíà sọ ọ́ gbangba pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Aláìsàn náà kò ní láti máa gbé nínú ilé yín. Bí ẹni méjì bá jọ gbé e fún ìdajì wákàtí, ìdajì wákàtí ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ, kì í ṣe pé kí wọ́n pín in. Wíwẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì kò sí níbẹ̀, àmọ́ bí ọmọ ọdún 15 kò bá lè dá wẹ̀ nítorí àìpé ara, ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù ló tún ń dùn mí. Ẹnì kan ló sábà máa ń dáhùn fún gbogbo ilé, ẹni tó sì jókòó ti fọ́ọ̀mù kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wà nílé, tàbí kó dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́?" Bí kò bá dárúkọ ọkùnrin, wọn ò ní dárúkọ rẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé. Ọsirélíà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 15, àmọ́ Ireland béèrè lọ́dún 2016, wọ́n sì rí ọmọ bí 3,800 tí kò tíì pé 15 tó ń tọ́jú ẹnì kan.

Ìbẹ̀rù ló ń pa àwọn ìdílé kan lẹ́nu mọ́. Wọ́n rò pé bí àwọn bá kọ ọ́, wọ́n á gé owó ìrànwọ́ tàbí wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Kí àjọ ìkànìyàn sọ ọ́ léraléra pé iye ni ìwé ìkànìyàn wà fún, kí wọ́n sì sọ òfin tó de òṣìṣẹ́ wọn lórí àṣírí ẹni.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú: bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìkànìyàn, ẹ bá wa tẹ àpótí kan sí ojú ìwé ẹ̀yìn, ọjọ́ méje lókè, kí ìwẹ̀, oúnjẹ, oògùn, òru, aṣọ fífọ̀, ilé ìwòsàn àti ṣíṣọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àyè inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó ohun tí pẹ́ńsùlù lè kọ. Àwọn èèyàn á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn bá kanlẹ̀kùn, ara ògiri ni wọ́n á ti ka iye wákàtí wọn fún un.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín