Kí ló wà nínú ilé yẹn tó ò ń sá fún?

Bùkọ́lá ọmọ mi,

Mo pè ẹ́ lánàá, mo tún pè ẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ń dún o ò gbé e, ni mo bá ní kí n kúkú tẹ̀ ẹ́ síbí, tó o bá ráyè wàá kà á. Má ṣe ní ó ti gùn jù o, èmi tí mò ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ gan-an ò tíì ráhùn.

Mo rí status ẹ. Dàpọ̀ àbúrò ẹ ò ṣòfófó, èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rí ìgò tí wọ́n tan iná sí lórí bíi báńgà Kérésì, tí ọmọ kan gbé e sókè, tí gbogbo yín ń pariwo. Fúráídè nìyẹn. Sátidé, ibòmíì. Sọ́ńdè, etí òkun. Fúráídè yẹn kan náà lo sì sọ fún àbúrò ẹ pé kó ní sùúrù, owó JAMB ẹ̀ ò tíì sí. Ẹ̀n ẹ́n?

Kì í ṣe owó ló ń dùn mí ṣá. Aago méjì òru lórí Third Mainland, nínú ọkọ̀ ẹni tó ò mọ bó ṣe mu tó, ìyẹn ń dùn mí. Àmọ́ èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé mi ò rí ọjọ́ kan tó o wà nílé. Ilé tó o gbà sí Yábàá, tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí rẹ́ǹtì ẹ̀, o ra kọ́tìnì, o ra àga, ta ló ń jókòó lórí àga yẹn? Kí ló wà níbẹ̀ tó ò ń sá fún? Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́ ni? Àbí tí ilé bá ti pa lọ́lọ́, ìrònú á bẹ̀rẹ̀? Sọ fún mi, mi ò ní bú ẹ.

Ilé dáa. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ ìyá Ṣẹ́gun bí ìbejì, tàńsífọ́mà ti bàjẹ́.

Bàbá ẹ ò jáde mọ́ tó bá ti dìrọ̀lẹ́. Á gbé ọpọ́n ayò síwájú ilé, á ka ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò méjìlá, kó lè pé 48. Ó mọ̀ pé o sọ ọ̀kan nù nígbà tó o wà ní pírámárì, òkúta ló fi dípò ẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti kan òkúta yẹn á ní "Bùkọ́lá rèé." Àgbàdo sísun àti àgbọn tí mo rà bọ̀ láti Ọjà Ọba ni wọ́n ń jẹ sí i, òun àti lándílọ́ọ̀dù, wọ́n á máa bú ara wọn títí aago mẹ́sàn-án. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò ẹ̀.

Kí n má parọ́ fún ẹ, èmi náà ò jókòó sílé nígbà tèmi. Ọ̀wọ̀ o, Ìkàrẹ́ o, Oǹdó o, wọ́n bá ti pín aṣọ ẹbí, mo ti wé gèlè. Ìyá àgbà ló ń tọ́jú yín. Alẹ́ ọjọ́ kan mo dé, mo bá ẹ níbi tó o sùn sí lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n ní o ní ò ń dúró kí n wá mú ẹ dání. Mo gbé ẹ wọlé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ pé ilé ò dùn ún gbé, mo máa ń rò ó lóru.

Mi ò ní kó o má jáde o, ọmọge ni ẹ́. Àmọ́ mú Fúráídè kan, ṣíwọ́, ra bọ́ọ̀lì lọ́nà, se ẹ̀wà sí i, wẹ̀, jókòó lórí àga tó o fowó ẹ rà. Tó bá sú ẹ, pè mí, kí n sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò fún ẹ, ó pọ̀.

Owó Dàpọ̀, mo ti yọ ọ́ nínú owó àjọ mi, mo sì gbọ́dọ̀ dá a padà kí oṣù tó parí. Fi ránṣẹ́. Àmọ́ ohun tí mo bi ẹ́ yẹn ni kó o kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Màmá ẹ